Ọwọ́ Òsì ní Kíláàsì Kẹrin

Ní ọjọ́ Ajé, Tíṣà Khiêm kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin bí wọn yóò ṣe nawọ́, nítorí àlejò ń bọ̀ láti Hà Nội ní Ọjọ́bọ̀.

"Ẹni tó bá mọ ìdáhùn, ọwọ́ ọ̀tún," ó wí. "Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọwọ́ òsì. Mi ò fẹ́ rí ẹni tí kò nawọ́."

Àwọn ọmọ náà kò béèrè ìdí. Láti kíláàsì kìíní ni wọ́n ti mọ eré yìí. Kò sí ilé-ìwé kan láàárín àwọn òkè tíì yẹn tí wọn kì í ti ṣe é bí àlejò bá fẹ́ wọ kíláàsì. Tíṣà yóò béèrè ìbéèrè, gbogbo ọwọ́ yóò lọ sókè, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni yóò sì máa pè. Àlejò tó jókòó lẹ́yìn yóò lọ sílé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé kò sí olódo nínú kíláàsì náà.

"Ó yá. Ta ló lè ka ojú ìwé kẹtàdínláàádọ́ta fún mi?"

Ọwọ́ lọ sókè. Ó kà wọ́n. Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n. Ọwọ́ òsì jẹ́ mẹ́sàn-án.

Kò yà á lẹ́nu. Mẹ́sàn-án náà ni lóṣù tó kọjá, mẹ́sàn-án ni ṣáájú ọdún tuntun. Ó mọ orúkọ wọn bó ṣe mọ ìka ọwọ́ rẹ̀.

Nínú wọn, Nụ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dùn ún jù. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ló ń gbé, nítorí pé ìyá rẹ̀ wà ní ìlú ńlá, ó ń rán bàtà ní iléeṣẹ́. Kò sí ọmọ tí ìkọ̀wé rẹ̀ gún tó tirẹ̀ ní gbogbo agbègbè. Ó gba ẹ̀bùn ìkọ̀wé tó mọ́ tó rẹwà lọ́dún tó kọjá, ìyá àgbà sì so ìwé-ẹ̀rí náà mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ àwọn baba ńlá wọn. Ṣùgbọ́n àwòrán ni Nụ ń yà. Kọ ohunkóhun sí pátákó, yóò dà á kọ láìṣi àmì kan. Ní kó kà á, yóò máa wo ẹnu ẹni tó jókòó tì í.

Tíṣà mẹ́ta ló ti fọwọ́ sí i pé ó mọ̀wé kà kó tó dé ọ̀dọ̀ Khiêm. Khiêm náà fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá.

Nígbà tí àwọn ọmọ lọ jẹun ọ̀sán, ó kọjá sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé. Obìnrin ni ọ̀gá náà, Thoan ni orúkọ rẹ̀. Ogójì ọdún ó lé díẹ̀ ni. Khiêm ló kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin nígbà tí ilé-ìwé ṣì jẹ́ ewé ọ̀pẹ àti ọparun, nítorí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, Tíṣà ló ṣì ń pè é.

Ó gbójú sókè láti inú fáìlì. "Tíṣà. Ẹ tún dé."

"Mo tún dé."

"Ẹ má tíì sọ ọ́. Kíláàsì ọ̀sán."

"Ọmọ mẹ́sàn-án. Ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, wákàtí kan ààbọ̀. Mi ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ òbí wọn."

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí ẹ máa béèrè."

"Ẹ̀ẹ̀kẹta ni."

Thoan fa fáìlì kan yọ, ó ṣí i, ó yí i sí i. "Ẹ bá mi kà á. Kíláàsì kẹrin, ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àwọn tó mọ̀wé kà, mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ta ló fọwọ́ sí i?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin ni. Ta ló fọwọ́ sí i tẹ̀lé yín?"

"Ìwọ."

"Òfin ní kí tíṣà kankan má kọ́ ọmọ kékeré lẹ́yìn iṣẹ́ àfi bí mo bá fọwọ́ sí i. Bí mo bá wá fọwọ́ sí i pé kí ẹ kọ́ ọmọ mẹ́sàn-án ní ìwé kíkà, kí ni mo sọ? Mo sọ pé ẹ̀yin parọ́, èmi náà parọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Háà! Tíṣà! Ẹ tiẹ̀ bá mi jiyàn díẹ̀."

Khiêm ń wo ojú fèrèsé. Níta, ọkùnrin méjì ń kun ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ní ọ̀dà pupa. Wọ́n ti gbẹ́ ihò sílẹ̀ lára òpó níbi tí àmì-ẹ̀yẹ yóò wà. Ilé-ìwé tó bá dé òdiwọ̀n orílẹ̀-èdè ló ń gba àmì náà. Nǹkan mọ́kàndínlógún ni ìletò gbọ́dọ̀ ní kí ìjọba tó pè é ní ìletò ọ̀tun, méjìdínlógún sì ti pé: ọ̀nà, iná, omi, ilé ìwòsàn, gbogbo rẹ̀. Ilé-ìwé ló kù.

"Oṣù mẹ́ta ló kù kí wọ́n bọ́ sí kíláàsì karùn-ún," ó wí. "Oṣù mẹ́ta náà ló kù kí n fẹ̀yìn tì."

"Ẹ jẹ́ kí àlejò yìí lọ ná. Bí àmì bá ti wà lára òpó, a ó máa wo bí a ó ṣe dọ́gbọ́n sí i."

"Bí àmì bá ti wà lára òpó, ta ni yóò tún gbà pé ọmọ kan níbí kò mọ̀wé kà?"

Thoan pa fáìlì dé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Mến ìyàwó rẹ̀ ń yan ewé tíì nínú agbada. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró, ẹnu rẹ̀ náà kò dúró.

"Mo gbọ́ pé ẹ ń kọ́ wọn ní ọwọ́ nínà."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Gbogbo oko tíì ló mọ̀. Ìyá àgbà Nụ ń yangàn. Ó ní ọmọ òun ti ka ojú ìwé kẹtàdínláàádọ́ta, èyí tó sọ̀rọ̀ odò, fún òun látòkè délẹ̀, ọmọ náà ń ṣa ewé lọ́wọ́, kò tiẹ̀ gbé ìwé náà dání."

"Ìyẹn gan-an ni ìṣòro náà."

Mến rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ìyá àgbà náà kò mọ̀wé. Kò sí ibi tí yóò ti mọ̀ pé ìwé ló yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún méjìdínlógójì lẹ ti ń ṣe tíṣà, baba. Ẹ tíì sọ fún ìyá kankan rí pé ọmọ rẹ̀ kò mọ̀wé kà?"

"Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sọ ọ́."

"Ìgbà wo lẹ dákẹ́?"

Khiêm ronú sí i. Kò rántí ọjọ́ kan pàtó. Ìwé kan ló dé láti agbègbè, ó ní kí ọmọ tó bá kùnà má ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún kejì, òmíràn dé láti ìpínlẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń di arúgbó.

"Ẹ fọn iná yẹn fún mi," Mến wí.

Ní Ọjọ́bọ̀, òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ń rọ̀. Àlejò náà dé nínú ọkọ̀ funfun kan. Ìyáàfin Diệp ni orúkọ rẹ̀, obìnrin tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, bàtà rẹ̀ ti kún fún ẹrẹ̀ pupa kó tó dé ọ́fíìsì, kò sì jọ pé ó ká a lára. Ó wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń kọ ohun tí orílẹ̀-èdè yóò máa lépa nínú ètò ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀. Níwọ̀n bó ti ń bọ̀ wá sí agbègbè yìí, wọ́n ní kó bá wọn wo ti àmì-ẹ̀yẹ náà.

Quyến, alága ìletò, ti wà níbẹ̀ láti aago méje. Ó wọ kóòtù. Ó bu tíì fún àlejò fúnra rẹ̀.

"Ẹ mu ún, Ìyáàfin. Èyí tí ẹ ń mu ní Hà Nội, pàǹtírí tiwa ni."

"Mo ti ń fura," obìnrin náà wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ilé-ìwé mọ́kànlá ni mo ti dé. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Mọ́kànlá, kò sí ẹyọ kan tó níṣòro. Mi ò mọ ohun tí màá kọ."

"Ẹ kọ pé ó dára," Alága wí.

"Bó bá dára, kí la ń wá lépa fún ọdún mẹ́wàá mìíràn?"

Alága rò pé àwàdà ni. Khiêm, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lápò, kò rò bẹ́ẹ̀.

Wọ́n wọ kíláàsì. Àwọn ọmọ dìde, wọ́n kí wọn ní ohùn kan. Aṣọ ọrùn pupa wọn mọ́ tónítóní. Àwọn àlejò mẹ́ta jókòó lẹ́yìn lórí àga àwọn ọmọdé: Ìyáàfin Diệp, Ọ̀gá Thoan, àti Alága tí orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ náà lọ bí omi. Khiêm béèrè, ọwọ́ lọ sókè, ó pe ọ̀tún. Ó béèrè, ọwọ́ lọ sókè, ó pe ọ̀tún. Ọmọkùnrin kan ka ìpínrọ̀ kìíní. Ọmọbìnrin kan sọ ìtumọ̀ "ìkùukùu". Hải, ọmọ-ọmọ Alága, ka ìpínrọ̀ kejì bí ẹni ń kéde lórí rédíò, Alága sì na ọrùn síwájú.

Nụ jókòó ní ìlà kejì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọwọ́ òsì rẹ̀ ti ń lọ sókè ní gbogbo ìgbà, kíákíá, tọkàntọkàn, bí ẹni pé wọ́n lè pè é. Ó ti tó ìgbà ogún. Ọwọ́ náà ti ń gbọ̀n. Ó fi ọ̀tún gbé e ró ní ìgbọ̀nwọ́ kó má bàa wálẹ̀.

Khiêm rí i. Ó rí àwọn mẹ́jọ yòókù pẹ̀lú. Ó wá yé e pé nínú gbogbo ẹ̀kọ́ náà, kò tíì bá àwọn ọmọ wọ̀nyí sọ ọ̀rọ̀ kan, bẹ́ẹ̀ àwọn ló sì ń ṣe iṣẹ́ jù nínú kíláàsì.

"Ta ni yóò ka gbogbo rẹ̀ fún wa, láti òkè délẹ̀?"

Ọwọ́ lọ sókè.

"Nụ."

Nụ wo ọwọ́ ara rẹ̀ bóyá ó ti ṣì í gbé. Ó dìde.

"Gbogbo rẹ̀, Tíṣà?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ó gbé ìwé sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀. "Odò abúlé mi ń ṣàn lọ láàárín oko ìrẹsì. Ní àárọ̀, ìkùukùu máa ń bò ó, bàbá mi á sì tu ọkọ̀ wọ inú rẹ̀ lọ bí ẹni wọ yàrá..." Ohùn rẹ̀ já gaara. Kò kọsẹ̀ níbì kankan. Nígbà tó parí, Alága ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn sì tẹ̀lé e. Ìyáàfin Diệp kọ nǹkan kan sínú ìwé rẹ̀.

Ó lè parí síbẹ̀. Khiêm mọ̀ pé ó lè parí síbẹ̀. Thoan ń wò ó, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́.

"Ó dára," Khiêm wí. "Ṣí ojú ìwé tó tẹ̀lé e. Kà á fún wa."

Nụ ṣí i. Àwòrán àkùkọ kan ló wà lórí ẹ̀, lórí òrùlé, pẹ̀lú ìtàn kúkúrú nísàlẹ̀. Ọmọ náà wò ó. Ó gbé ìwé sókè bíi ti àkọ́kọ́, ó sì mí kanlẹ̀.

"Odò abúlé mi ń ṣàn lọ láàárín oko ìrẹsì," ó wí. "Ní àárọ̀, ìkùukùu máa ń bò ó..."

Ẹnì kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì dákẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ohùn Nụ nìkan ni wọ́n ń gbọ́, bó ṣe ń tu ọkọ̀ bàbá rẹ̀ la ojú àkùkọ náà kọjá.

"Ó tó," Khiêm wí. "O ṣeun. Jókòó, Nụ. Ohun tí mo kọ́ ọ náà lo ṣe."

Ó gbójú sí àwọn tó wà lẹ́yìn. Ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ mẹ́sàn-án ni kò mọ̀wé kà nínú kíláàsì yìí, Ìyáàfin. Àwọn tó ń na ọwọ́ òsì ni. Èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Èmi náà ni mo fọwọ́ sí i pé wọ́n mọ̀wé."

Àga Alága ké nígbà tó dìde.

Nínú ọ́fíìsì, tíì ti tutù. Alága ló bẹ̀rẹ̀.

"Khiêm, kí lo jẹ láàárọ̀ yìí? Ṣé ara rẹ yá?"

"Ara mi yá."

"Ọdún mẹ́fà! Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń sáré ọ̀nà, tí mò ń sáré iná! Ilé mélòó ni mo bẹ̀ kí wọ́n wó ọgbà wọn sẹ́yìn? Ìwọ wá fi ọmọ kan ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ní ìṣẹ́jú méjì. Ó ku oṣù mẹ́ta kó o lọ sinmi nílé. O ò lè fara dà á?"

"Mo fara dà á títí di àárọ̀ yìí."

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dá mi lóhùn!" Alága yíjú sí àlejò. "Ìyáàfin, arúgbó ni. Ẹ má kọ ọ́."

"Mo ti kọ ọ́," Ìyáàfin Diệp wí.

Alága mú fìlà rẹ̀. Ó jáde láìkí ẹnikẹ́ni, wọ́n sì gbọ́ alùpùpù rẹ̀ tó ń bínú lọ sísàlẹ̀ òkè.

Thoan dìde, ó lọ sí ibi àpótí fáìlì, ó gbé fáìlì mẹ́ta tó nípọn wá, ó kó wọn kalẹ̀ níwájú àlejò.

"Ẹ ní ẹ ń kọ ohun tí orílẹ̀-èdè máa lépa. Ẹ wo èyí kí ẹ tó lọ. Èyí wá láti agbègbè: kí ọmọ kankan má kùnà. Èyí láti ìpínlẹ̀: kí ìdajì wọn jẹ́ ọ̀jáfáfá. Èyí láti Hà Nội lọ́dọ̀ yín: ká má ka máàkì sí mọ́, ká tọ́ wọn ní ẹ̀dá tó lè dá ronú. Ọdún tó tẹ̀lé e: ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Ọdún tó tẹ̀lé ìyẹn: eyín fífọ̀, ìlúwẹ̀ẹ́, ìkọ̀wé tó rẹwà. Mo ti kà wọ́n. Mẹ́tàlélógójì ni. Ẹnì kan ò fagi lé ọ̀kan rí. Wọ́n kàn ń kó wọn lé ara wọn ni."

"Ọ̀gá Thoan..."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n parí. Èwo ni kí n mú? Ẹni tó bá dé bẹ́ẹ̀ ló ń béèrè tirẹ̀. Èyí tó bá rọrùn láti fi hàn la máa ń fi hàn. Ọwọ́ rọrùn láti gbé sókè." Ó jókòó. "Tíṣà yìí ló kọ́ mi ní ìwé kíkà. Ìgbà yẹn, orí ilẹ̀ la jókòó sí. Nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣe é. Ẹ sọ fún mi ẹyọ kan tí ẹ fẹ́, màá ṣe é."

Ìyáàfin Diệp ń yẹ àwọn ìwé náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mọ ẹni tó kọ àwọn kan nínú wọn. Ó pa wọ́n dé.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Tíṣà? Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ló fẹ́ kọ ọ́?"

Khiêm ń nu ṣọ́ọ̀kì kúrò lára ìka rẹ̀.

"Ọmọ tó bá parí kíláàsì kẹta," ó wí, "ẹ fún un ní ojú ìwé kan tí kò rí rí. Kó kà á. Kó sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún yín."

Obìnrin náà dúró pẹ̀lú bíírò lọ́wọ́, ó ń retí. "Ìyẹn nìkan?"

"Ẹ kọ ìyẹn ná."

"Wọ́n máa ní ó kéré jù, Tíṣà. Wọ́n máa ní ohun tí orílẹ̀-èdè ń lépa kọ́ nìyẹn, pé orílẹ̀-èdè mìíràn ń kọ́ ọmọ wọn ní bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀rọ."

"Ìwé wà lára ẹ̀rọ náà. Ta ló máa kà á?"

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Khiêm rí i pé ó kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, kò fi nǹkan kan kún un.

Kó tó lọ sílé, ó lọ wá Nụ. Ó bá a ní ẹ̀yìn kíláàsì, ó ń fọ ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ omi.

"Wọ́n ní èmi ni mi ò jẹ́ ká gba àmì-ẹ̀yẹ," ọmọ náà wí, kò gbójú sókè.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Hải."

"Èmi ni, kì í ṣe ìwọ. Bí Hải bá tún sọ ọ́, ní kó wá sọ ọ́ fún mi."

"Mi ò fẹ́ wá sílé-ìwé mọ́."

"Mo gbọ́. Wá lọ́la."

Ó wá ní ọjọ́ kejì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìwé dé láti agbègbè. Ilé-ìwé náà kò gba àmì-ẹ̀yẹ. Ìletò náà kò di ìletò ọ̀tun lọ́dún náà. Wọ́n bá Khiêm wí lórí ìwé nítorí pé ó fọwọ́ sí ohun tí kì í ṣe òótọ́. Wọ́n bá Thoan náà wí. Ihò tí wọ́n ti gbẹ́ sára òpó, ọ̀kan nínú àwọn tó kun ọ̀dà fi símẹ́ǹtì dí i.

Lójú ọ̀nà, àwọn kan kì í kí i mọ́. Nínú oko tíì, wọ́n bi Mến bóyá ọkọ rẹ̀ ń wá ipò ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ń wá ipò lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada òun, òun kò sì tíì gbà á síṣẹ́.

Lẹ́tà kékeré kan dé láti Hà Nội pẹ̀lú, tí wọ́n fi ọwọ́ kọ. Ìyáàfin Diệp ní òun fi gbólóhùn Tíṣà sí orí ìwé ìgbìmọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí èkínní. Ọ̀gá òun fa ìlà pa á. Òun dá a padà. Wọ́n tún pa á, òun tún dá a padà. Títí òun fi kọ lẹ́tà yìí, ó ṣì wà níbẹ̀. Òun kò lè ṣèlérí ohunkóhun. Khiêm kà á lẹ́ẹ̀kan, ó fún Mến kà, ó sì fi í sínú àpótí.

Thoan pè é sí ọ́fíìsì ní ọjọ́ Ẹtì. Ìwé kan wà lórí tábìlì.

"Ẹ jókòó, Tíṣà."

"Mo lè dúró."

"Ó ti wà lórí ìwé báyìí. Kíláàsì kẹrin, ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àwọn tó mọ̀wé kà, méjìlélógún. Èmi ni mo kọ ọ́. Níwọ̀n bó ti wà lórí ìwé, mo lè fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kọ́ wọn." Ó ti ìwé náà sí i. Ó ti fọwọ́ sí i. "Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú, ọjọ́ Ẹtì. Yàrá ẹ̀yìn. Mo ti ní kí wọ́n kó àga tó fọ́ kúrò níbẹ̀."

Khiêm ká ìwé náà. "O ṣeun."

"Ẹ má dúpẹ́. Wọ́n bá mi wí nítorí yín." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in tán. "Ṣé oṣù méjì tó kù yìí yóò tó?"

"Kò ní tó."

"Kí la wá fẹ́ ṣe?"

"A ó ṣe oṣù méjì."

Ní ọjọ́ Ajé, ó to àga mẹ́sàn-án. Ó ti lọ sí ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ oko, ó gba àwọn ìwé pélébé tí wọ́n máa ń pín fún àgbẹ̀ nípa kòkòrò tó ń jẹ ewé tíì, nítorí pé kò sí ọmọ kankan tó ti rí wọn rí. Ó kó wọn sórí tábìlì rẹ̀.

Àwọn mẹ́sàn-án wọlé. Ó ń ṣí ẹnu láti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan tún kan ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin méjì ni, láti ìlà iwájú. Ọwọ́ ọ̀tún ni àwọn méjèèjì máa ń na.

"Kí lẹ wá ṣe?"

Wọ́n wo ara wọn. Èyí tó dàgbà jù ní, "Tíṣà, àwa náà há a sórí ni."

Ó wá àga fún wọn. Méjì mìíràn tún dé. Ó ti di mẹ́tàlá. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Ọdún kan gbáko ló fi gbà pé mẹ́sàn-án ni wọ́n.

Alùpùpù kan dúró níta. Alága Quyến wọlé, kò sí kóòtù lára rẹ̀ lónìí, ó di Hải mú ní èjìká. Ojú ọmọ náà pọ́n. Alága kò wo Khiêm.

"Mo fún un ní ìwé ìròyìn lánàá," ó wí fún ògiri. "Mo ní kó ka ìròyìn kan fún mi. Èyíkéyìí."

Khiêm dúró dè é.

"Ọmọ tó ka odò bíi rédíò." Alága tú ọmọ náà sílẹ̀. "Mi ò tíì dárí jì ọ́ o, Khiêm. Ọdún mẹ́fà ni."

"Mo mọ̀."

"Aago mélòó ni kí n wá mú un?"

"Márùn-ún ààbọ̀."

Alága lọ. Hải dúró ní àárín yàrá, kò mọ ibi tí yóò jókòó sí. Àga ti tán. Nụ sún sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí tirẹ̀, kò sọ nǹkan kan, ọmọkùnrin náà sì jókòó sí ìdajì tó kù.

Khiêm pín ìwé náà. Òjò ti dá níta, àwọn obìnrin tó ń ṣa ewé ń pe ara wọn láti òkè dé òkè.

Nụ mú ìwé tirẹ̀. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ya ẹnu bí ẹni fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó sì tún pa á dé. Ó gbé ìwé náà kalẹ̀.

"Tíṣà," ó wí, "mi ò mọ èyí."

"Ó dára," Khiêm wí. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Fi ìka rẹ sí orí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́."